Ẹ̀kọ́ Fún Ìpàdé Wa: Iná Tí Ẹ̀rọ Ń Jẹ Nígbà Tí A Rò Pé A Ti Pa Á

Kíkà: Òwe 18:13 àti 17, Jòhánù 6:5–13.

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí a ṣe ń wọn iná tí àwọn ẹ̀rọ ilé wa ń jẹ nígbà tí a kò lò wọ́n, kí a má sì fi ìfura dá ara wa lẹ́jọ́ mọ́.



  Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ohun tí kò kan ẹgbẹ́ obìnrin, nítorí pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé John Wesley fúnra rẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí ohun tí kò kàn án. Ní ọdún 1760 ó tẹ ìwé kan jáde lórí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, èyí tí ó pè ní The Desideratum, nítorí pé ó gbà pé ó lè wúlò fún àwọn tálákà. Bí baba wa nínú ìgbàgbọ́ bá lè jókòó ti ọ̀rọ̀ iná nígbà tí kò tíì sí gílóòbù kan ṣoṣo ní ayé, àwa tí à ń ra káàdì iná lóṣooṣù kò gbọdọ̀ sọ pé kò kàn wá.

Àwa tí à ń gbé Láfẹ́nwá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó iná ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá ilé tí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta ti jọ ń lo mítà kan. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn méjì nínú wa, òun ni ó sì bí ẹ̀kọ́ yìí. A ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí a tó kọ ọ́, a kò sì ní dárúkọ wọn.

1. BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ilé náà kò jìnnà sí ojú irin àtijọ́ ní Láfẹ́nwá. Ìdílé méjì ni ó ń gbé ibẹ̀, mítà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ opó ń gbé iwájú. Ìyàwó kan, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta, ń gbé ẹ̀yìn. Wọn kì í ṣe ẹbí, ṣùgbọ́n "ìyàwó wa" ni Ìyá ń pè é, "Mọ̀mí" ni òun náà sì ń pe Ìyá. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní fíríìjì kan. Bí iná bá tán, wọn yóò dá owó, iye kan náà, wọn yóò sì ra òmíràn. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ láìsí ariwo.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, fi owó kún iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣe ìlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán fún lójúmọ́. Láti nǹkan bí ₦68 fún yúníìtì kan, ó fò sókè sí ₦225. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, ó sì di ₦209.50 ní oṣù keje ọdún kan náà. Lórí ìlà Band A yìí ni ilé tí à ń sọ wà. Owó tí ń ra iná oṣù kan fún wọn tẹ́lẹ̀ kò wá ra iná ọjọ́ mẹ́wàá mọ́.

Ojú Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ó rí ṣájà fóònù mẹ́ta lára ògiri ní ẹ̀yìnkùlé, tọ̀sán tòru. Ó ní, "Àwọn ọmọ ìyàwó yìí ni ó ń jẹ iná wa. Tẹlifíṣọ̀n tèmi, mo máa ń pa á kí n tó sùn." Ìyàwó dáhùn pé fóònù kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ní ó ń bá òun jiyàn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe di asọ̀. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Nínú ìpàdé wa, bí ọ̀kan bá jókòó lápá ọ̀tún, èkejì yóò lọ sí apá òsì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe Ìkórè, àwọn méjèèjì ni ó sì yẹ kí ó jọ dáná fún àwọn àlejò wa, ṣùgbọ́n wọn kò lè dúró nídìí ààrò kan náà.

A ní láti jẹ́wọ́ pé púpọ̀ nínú wa ti gbè sẹ́yìn Ìyá. Òun ni àgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dà bí òótọ́, nítorí kò sí ilé tí a kì í ti í pariwo lé ọmọ lórí nítorí ṣájà. A gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀kan nínú wa, tí ó fi ẹ̀kọ́ físíìsì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé gíga kí ó tó fẹ̀yìn tì, ni ó bi wá ní ìbéèrè kan: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti wọn iná náà ni, àbí ẹ kàn ń fi ojú wò ó?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

2. KÍ NI Ẹ̀RỌ Ń ṢE NÍGBÀ TÍ Ó BÁ Ń TÒÒGBÉ?

Ní ìgbà kan, bí a bá yí bọ́tìnnì rédíò, kíá ni iná rẹ̀ yóò gé pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, àwòrán lọ, ohùn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò kú. Ó ń tòògbé ni. Apá kan nínú rẹ̀ ṣì wà lójúfò, ó ń retí ìgbà tí a ó tún tẹ rìmóòtù, nítorí pé bí ó bá kú pátápátá, kò ní gbọ́ nígbà tí a bá pè é. Iná pupa kékeré tí à ń rí níwájú rẹ̀ jẹ́ àmì pé ó ṣì ń jẹun.

Microwave tí ń fi aago hàn ń jẹ iná bí kò tilẹ̀ gbé oúnjẹ kankan kaná. Stabilizer ní wáyà tí a wé pọ̀ nínú rẹ̀, wáyà yìí sì ń fa iná níwọ̀n ìgbà tí a bá ti tàn án, ìbáà jẹ́ pé a so nǹkan mọ́ ọn tàbí a kò so. Èyí tí ó ya wá lẹ́nu jù ni dikódà. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín iṣẹ́ kù nígbà tí a bá fi rìmóòtù pa wọ́n. Ojú wọn nìkan ni wọ́n ń dì.

Ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, ní Amẹ́ríkà, ti wọn ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí. Ohun tí wọ́n rí ní ìpíndọ́gba nìyí:

Dikódà sátẹ́láìtì tí a fi rìmóòtù pa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 15. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, wáàtì 16 ni.
Ẹ̀rọ orin alásopọ̀ tí a ti pa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 8.
Microwave tí kò ṣe nǹkan kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 3.
Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ó ní ìdí gígùn, tí a fi rìmóòtù pa, ń jẹ nǹkan bí wáàtì 3.
Ṣájà fóònù tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì kan.

Kí ni wáàtì, kí sì ni yúníìtì? Ẹ ro ẹnu ẹ̀rọ omi tí ń jò. Wáàtì ni bí omi náà ṣe ń jò kíákíá sí. Yúníìtì ni omi tí ó ti kún inú garawa, òun sì ni à ń sanwó fún. Ohun tí ń jẹ wáàtì 1,000 yóò jẹ yúníìtì kan láàrin wákàtí kan. Ohun tí ń jẹ wáàtì 10 yóò fi wákàtí 100 jẹ yúníìtì kan, ṣùgbọ́n yóò jẹ ẹ́ dandan bí a kò bá dí ẹnu ẹ̀rọ náà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

3. BÍ A ṢE Ń FI MÍTÀ WỌN INÁ

Ní ọjà Láfẹ́nwá, kò sí ẹni tí ń fi ojú lásán ta gàrí. Kóńgò ni a fi ń wọn ọ́n, bí a bá sì fura sí kóńgò kan, a óò ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Inú ilé wa ni kóńgò iná wà. Mítà ni. Ẹni tí ó ní mítà kò nílò láti ra ohun èlò mìíràn. Aago tí ń fi ìṣẹ́jú àáyá hàn, tàbí fóònù, ti tó.

Ẹ wo ojú mítà dáadáa. Ẹ óò rí iná pupa kékeré kan tí ń ṣẹ́jú, lẹ́bàá rẹ̀ ni a sì máa ń kọ nọ́ńbà kan tí ó parí sí "imp/kWh". Lára mítà kan ó lè jẹ́ 1000, lára òmíràn 1600 tàbí iye mìíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye ìgbà tí iná pupa náà yóò ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó tán. Ẹ ṣe báyìí:

(a) Ẹ pa gbogbo ohun tí ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́: gílóòbù, fáànù, ẹ̀rọ omi, áyọ́ọ̀nù. Ẹ pa fíríìjì náà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ẹ óò fi parí.

(b) Ẹ fi àwọn ẹ̀rọ tí ẹ máa ń fi rìmóòtù pa sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lálẹ́.

(d) Ẹ dúró níwájú mítà. Bí iná pupa bá ṣẹ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ aago. Bí ó bá tún ṣẹ́jú, ẹ dá aago dúró. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó lè dá yín lójú.

(e) Bí ó bá jẹ́ 1000 ni ó wà lára mítà yín, ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ kà pín 3,600. Bí ó bá jẹ́ 1600, ẹ fi pín 2,250. Èsì rẹ̀ ni iye wáàtì tí ilé yín ń jẹ lásìkò náà. Fún àpẹẹrẹ, lára mítà 1000, bí ìṣẹ́jú àáyá 60 bá wà láàrin ìṣẹ́jú kan àti èkejì, ilé náà ń jẹ wáàtì 60.

(ẹ) Ẹ wá máa pa sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa tún kà á. Ohun tí ó bá dín kù lẹ́yìn tí ẹ pa ọ̀kan ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń jẹ.

Ìkìlọ̀: Ojú nìkan ni a fi ń wo mítà. Ẹ má ṣe ṣí i, ẹ má ṣe fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ tútù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ohun tí ó kéré jù, bíi ṣájà kan ṣoṣo, lè má hàn lójú mítà rárá.

Ẹni tí kò ní mítà lè lo mítà kékeré tí à ń fi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a óò wá fi púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ bọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fojú bù owó fún lóṣooṣù kò ní rí èrè ìṣọ́ra rẹ̀ nínú ìwé owó náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rẹ̀ yín láti máa béèrè mítà.

4. OHUN TÍ A RÍ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìpàdé, mẹ́rin nínú wa bá tíṣà wa lọ sí ilé náà. Àwọn méjèèjì gbà kí a wá, ṣùgbọ́n ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, èkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. A gbàdúrà ṣókí. A ka nọ́ńbà ara mítà, 1000 ni. A pa gbogbo iná, fáànù àti fíríìjì méjèèjì. Ìyá fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, dikódà àti ẹ̀rọ orin tí ọmọ rẹ̀ rán wá láti òkè òkun. Ìyàwó fi ṣájà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lára ògiri láìsí fóònù, ó sì fi tẹlifíṣọ̀n kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe máa ń wà.

Ilé pa rọ́rọ́. Bí ènìyàn bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, yóò rò pé kò sí ohun tí ń jẹ iná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná pupa ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 90, ó tún ṣẹ́jú. Tíṣà wa fi 90 pín 3,600. Ó jẹ́ wáàtì 40.

A pa sọ́kẹ́ẹ̀tì dikódà Ìyá. Ìṣẹ́jú àáyá 144 kọjá kí iná náà tó tún ṣẹ́jú: wáàtì 25. Dikódà nìkan ti kó 15 lọ. A pa ti ẹ̀rọ orin. Ó di ìṣẹ́jú àáyá 212: wáàtì 17. Lẹ́yìn náà a pa stabilizer àti tẹlifíṣọ̀n tí ó so mọ́ ọn. A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Iná pupa náà kò ṣẹ́jú mọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohun tí ó kù nínú gbogbo ilé náà, títí kan ṣájà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti tẹlifíṣọ̀n ìyàwó, kò tó wáàtì 6.

Wáàtì 34 ó kéré tán nínú 40 ti wá láti iwájú, láti yàrá ẹni tí ń fi ẹ̀sùn kàn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ń wo mítà. Ìgbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ni ó yíjú sẹ́yìn tí ó ní, "Ìyàwó wa, má bínú sí mi. N kò mọ̀ ni." Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bẹ̀ mí. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ." Ó wá jẹ́wọ́ pé àárọ̀ ojoojúmọ́ ni òun ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta àti aṣọ iṣẹ́ ọkọ òun, kí Ìyá tó jí, nǹkan bí ìdajì wákàtí. Òun náà kò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀.

5. ÌṢIRÒ OWÓ

A jókòó ní ìta, a mú bírò, a sì ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú iná wákàtí 20 lójúmọ́ àti ₦209.50 fún yúníìtì kan, láì tíì fi owó-orí VAT kún un.

Wáàtì 34 lọ́nà wákàtí 20 jẹ́ 680. Lọ́nà ọjọ́ 30, ó jẹ́ 20,400. Ẹ fi 1,000 pín in, ó di yúníìtì 20.4. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦4,273.80 lóṣù kan, fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Ṣájà mẹ́ta tí kò sí fóònù lẹ́nu wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí àwọn ará Berkeley rí, kò tó ìdajì yúníìtì kan lóṣù. Owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦98. Bí a bá tilẹ̀ fi ìgbà tí fóònù mẹ́ta ń gba iná lójoojúmọ́ kún un, kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ₦600.

Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000, fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, jẹ́ yúníìtì 15 lóṣù. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦3,142.50.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ wò ó. Nítorí ₦98 ni àwọn méjì tí wọ́n jọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kò ṣe kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tí ohun tí ń gbé owó wọn lọ jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Ẹ̀rọ tí ń tòògbé kì í ṣe òun ni ó ń jẹ iná jù nínú ilé. Fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, ìdáná oníná àti áyọ́ọ̀nù lè jẹ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń sin wá bí wọ́n ṣe ń jẹ. Ẹ̀rọ tí ń tòògbé ń jẹ láìsìn. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ yóò fi 8 ṣírò dípò 20, owó rẹ̀ yóò sì kéré sí èyí. Kí olúkúlùkù wo ìwé ìsanwó tirẹ̀, kí ó fi iye yúníìtì pín owó, kí ó lè mọ iye tí òun ń san.

Ẹni tí ń lo bátìrì àti inverter ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Wáàtì 34 fún wákàtí 8 lóru jẹ́ 272. Bátìrì fóòtì 12 tí ó jẹ́ 100 Ah, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju 1,200 lọ. Ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ yóò ti jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

6. Ẹ̀RỌ TÒKÚNBỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lógún tipẹ́. Ní 1998, onímọ̀ kan ní Berkeley tí ń jẹ́ Alan Meier dá a lábàá pé kí ẹ̀rọ tí ń tòògbé má ṣe jẹ ju wáàtì kan lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, International Energy Agency tẹ́wọ́ gba àbá náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ ọ́ di òfin ní 2008. Láti oṣù kìíní 2010, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ilé tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ju wáàtì kan lọ bí ó bá ń tòògbé, tàbí méjì bí ó bá ń fi aago hàn. Ní 2013 wọ́n tún gé e sí ìdajì.

Kí ni èyí jẹ́ tiwa? Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tí a tẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná tí àwọn ẹlòmíràn ti lò ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, ní 2015 àti 2016. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe kí òfin wọ̀nyẹn tó dé lè wà nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé kí a má ra tòkúnbọ̀, agbára wa ni a fi ń rajà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ̀ pé owó tí a san fún ẹni tí ó tà á kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Ẹ̀rọ orin Ìyá, ẹ̀bùn ni, kò ná an ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ni ó ń san owó rẹ̀ láìmọ̀.

7. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ọlọ́run ṣeun pé púpọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wa ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè jẹun lẹ́yìn tí a bá ti pa á láti ibẹ̀.

Ẹ kó púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n, dikódà àti ẹ̀rọ orin sí ojú kan tí bọ́tìnnì kan lè pa gbogbo wọn. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn, àti nígbà tí ẹ bá ń jáde lọ sí ọjà tàbí sí ilé Ọlọ́run.

Stabilizer tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ kú pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Ti fíríìjì kò gbọdọ̀ kú, nítorí oúnjẹ.

Ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì microwave lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti gbóná.

Ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri nítorí ààbò, pàápàá bí iná bá lè fi agbára dé lójijì lẹ́yìn tí wọ́n bá mú un lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe nítorí rẹ̀ na ọmọ, ẹ má sì ṣe nítorí rẹ̀ bá aládùúgbò jà.

Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Áyọ́ọ̀nù tí a ń gbé gbóná láràárọ̀ ń jẹ iná kí ó tó kan aṣọ rárá.

Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe nìyí. Ìyá gbà láti máa pa ti iwájú láti ara ògiri lálaalẹ́, ọmọ kejì ìyàwó sì ni ó máa ń wá ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀yìn kò jẹ́ kí Ìyá bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́. Ìyàwó gbé ìlọṣọ rẹ̀ sí ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Ìkórè dé, àwọn méjèèjì ni ó jọ ro àmàlà fún àwọn àlejò wa.

8. Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌKÀN WA

Nínú Jòhánù orí 6, lẹ́yìn tí Olúwa ti fi ìṣù àkàrà márùn-ún bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, kò jẹ́ kí èérún ṣòfò. Ẹni tí ó lè pèsè lọ́pọ̀ yanturu ni ó ní kí wọ́n ṣa ohun kékeré jọ. Kí ni àwa tí à ń ṣírò kọ́bọ̀ mọ́ kọ́bọ̀ yóò wá sọ?

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù fún wa wà nínú ìwé Òwe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rojọ́ máa ń dà bí ẹni tí ó jàre, títí a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. A kò yẹ ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn wò. A ti dá a lẹ́bi nínú ọkàn wa nítorí ohun tí ojú wa rí lára ògiri. Ohun tí ń hàn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tí ń jẹni run. Ẹ jẹ́ kí a máa wọn ọ̀rọ̀ kí a tó dájọ́, bí a ti ń wọn gàrí, bí a sì ti wá mọ bí a ṣe ń wọn iná.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ẹ̀rọ mélòó nínú ilé yín ni ẹ máa ń fi rìmóòtù pa láìpa á lára ògiri?
2. Lára mítà tí ó jẹ́ 1000, bí ìṣẹ́jú àáyá 120 bá wà láàrin ìṣẹ́jú méjì iná pupa, wáàtì mélòó ni ilé náà ń jẹ?
3. Nínú ilé tí a ti jọ ń lo mítà kan, ọ̀nà wo ni a lè gbà pín owó iná kí ó má bàa ni ẹnikẹ́ni lára?
4. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí a ti dá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀? Kí ni a óò ṣe sí i?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ: Kí olúkúlùkù wa lo aago àti mítà ilé rẹ̀ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí ó sì kọ iye wáàtì tí ó rí sí ìwé. Ẹni tí kò lè ka mítà, kí ó ké sí ẹnì kan nínú wa tí ó súnmọ́ ọn. Bí owó bá ṣẹ́kù nínú iná, ẹ má gbàgbé àpótí àwọn opó.

ÀDÚRÀ: Olúwa, kọ́ wa láti ṣọ́ ohun kékeré tí o fi sí ìkáwọ́ wa. Gbà wá lọ́wọ́ ìfura. Fún wa ní etí tí ń gbọ́ tọ̀tún tòsì kí a tó sọ̀rọ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.